Pásẹ́ńtì Tó Dá Àbúrò Mi Dúró sí Ọsibítù

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nínú ìṣirò, yàrá méjì là ń gbé ní Agbowó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, ìyá mi sì ń ránṣọ níwájú ilé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún yín pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní pásẹ́ńtì rí títí di ìgbà yẹn. Ẹkún ló sì bá a wọ ilé wa.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni. Ọmọ tó sanra ni, bí wọ́n bá gbé e pọ̀n mí, ńṣe ni ẹ̀yìn á máa ro mí. Àfi bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe dé bá a. A kọ́kọ́ rò pé eyín ló fẹ́ hù. Kí a tó mọ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ara rẹ̀ ti hunjọ bíi ti arúgbó. Bàbá mi sáré gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò, wọ́n sì dá òun àti ìyá mi dúró síbẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ń gbé ní Baṣọ̀run, ló wá ń tọ́jú mi.

Dókítà sọ fún bàbá mi pé ìwọ̀n ọmọ náà ti fi pásẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dín kù. Bàbá mi wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa nílé: "Tí a bá pín ọmọ yìí sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan ti lọ." Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èwo nínú mẹ́rin ló lọ? Ṣé ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀?

Ó ṣe díẹ̀, bàbá mi ti ọsibítù dé tayọ̀tayọ̀. Dókítà ní ọmọ ti fi pásẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé sí i. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti padà. Ọmọ mi ti pé!" Ló bá lọ yá mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, ó sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pé kí wọ́n wá bá wa dúpẹ́. Àǹtí mi gbé ìrẹsì kaná. Èmi àti bàbá mi wọ mọ́tò, ó di Jẹ́ríkò.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí. "Ẹ má bínú, bàbá. Wọn ò tíì lè lọ sílé. Ó ṣì kù."

"Kí ló kù, nọ́ọ̀sì? Iye tó lọ ló ti dé. Àbí nǹkan mìíràn ń ṣe ọmọ yìí tí ẹ ò fẹ́ sọ fún wa?"

Bàbá mi kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ó gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Ìyá mi fa ọmọ mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Èmi náà bá a sun ún, n kò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Nọ́ọ̀sì wo ọsàn tí a gbé wá fún ìyá mi, ó to mẹ́jọ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kílò mẹ́jọ lọmọ yìí kí àìsàn tó dé." Ó pín in sí òkìtì mẹ́rin, méjì-méjì, ó mú òkìtì kan kúrò. "Ohun tó lọ nìyẹn. Ó ku mẹ́fà." Ó tún pín mẹ́fà náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó ní láti fi ọ̀bẹ la méjì kó tó dọ́gba. Òkìtì kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ ọ̀kan àtààbọ̀. "Irú òkìtì kan báyìí ló fi lé sí i. Ara mẹ́fà la ti pín in, kì í ṣe ara mẹ́jọ mọ́. Kílò méje àtààbọ̀ ló wà. Kó tó ti orí mẹ́fà padà sí mẹ́jọ, ó gbọ́dọ̀ fi pásẹ́ńtì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ lé."

Bàbá mi ka ọsàn náà, ó tún un kà. "Kílò méjì ló jáde, kílò méjì náà ló máa wọlé. Báwo ló ṣe ń jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà tó ń jáde, tó wá ń jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tó ń wọlé?"

Nọ́ọ̀sì ní ibi tí nǹkan bá ti gbéra ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n: orí mẹ́jọ ló ti gbéra nígbà tó ń jáde, orí mẹ́fà ló ti gbéra nígbà tó ń wọlé. Bóyá ó yé bàbá mi, bóyá kò yé e, n kò lè sọ. Ó kàn jókòó ni. Ìyá mi ló nu omijé ojú ara rẹ̀ nù, tó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pásẹ́ńtì yẹn sílẹ̀. Kílò mélòó ló kù kí n tó gbé ọmọ mi lọ sílé?"

"Ààbọ̀ kílò ni, màmá."

"Ààbọ̀ kílò ò pọ̀ jù. Bàbá wọn, ẹ máa lọ. A ó dúró."

Báyìí la ṣe padà sí Agbowó láìgbé ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dúró dè wá níwájú ilé. "Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀," ni bàbá mi ń wí ṣáá. Àwọn kan ń wò wá tàánútàánú bí ẹni pé ọmọ ti kú. Wọ́n jẹ ìrẹsì náà, wọ́n sì lọ.

Ààbọ̀ kílò náà pé níkẹyìn. Ìyá mi pọn ọmọ rẹ̀ wálé, ilé wa sì tún kún fún ariwo. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ò yé mi. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ girama ni tíṣà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: ẹ wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye àkọ́kọ́ àti iye ìkẹyìn, ẹ fi iye àkọ́kọ́ pín in, kí ẹ wá fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ṣe é, mo gbà á. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ mú un dání, ó máa ń yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lóde òní, pásẹ́ńtì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Rédíò ń pè é láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi ka iná tó kù nínú fóònù wọn. Gbogbo wa á sì mi orí bí ẹni pé ó yé wa. Bí mo bá bi wọ́n pé, "Pásẹ́ńtì kí ni?", wọ́n á tẹ fóònù, fóònù á dáhùn kíá, wọ́n á ní ó ti yé àwọn. Láyé tiwa, ẹni tí nǹkan ò yé á jókòó tì í títí. Èmi ṣì jókòó tì í. Ayé ti yára gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n n kò rò pé òye ti ń yára bẹ́ẹ̀.