Orúnkún Méjì Lórí Yìnyín

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ẹ wà káàkiri, mo kí yín. Okun o, bí àwa ọmọ Okun ṣe ń kí ara wa! Ẹ fún mi láàyè kí n ro ẹjọ́ ara mi lónìí. Ẹ lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Felele, ní Lọ́kọ́ja níbí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ló rí. Ẹ mọ̀ mí, n kì í rí àṣìṣe kí n gbójú kúrò. Èyí ni àṣìṣe tó tóbi jù tí mo rí rí, tèmi sì ni.

Ọmọ ọmọ mi ni Ìyanu. Fúnmi, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ló bí i sí Kánádà. Ọmọ ogún ọdún ni báyìí. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń jó lórí yìnyín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé yìnyín tí a mọ̀ ní Lọ́kọ́ja kò ju èyí tí àwọn ẹlẹ́ja etí odò fi ń tọ́jú ẹja lọ, àti piọ wọ́tà tó bá dì nínú fìríìsà. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n á da omi sí pápá ńlá kan nínú ilé, wọ́n á jẹ́ kó dì gbagidi. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan á wọ bàtà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á máa jó tẹ̀lé orin. Kì í ṣe eré fífò sókè o. Àwọn tó ń fò wà lọ́tọ̀. Ijó ni ti Ìyanu. Bí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀ ni àwọn adájọ́ ń wò, wọ́n á sì fún wọn ní máàkì.

Lúkà ni orúkọ ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń jó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù ni bàbá rẹ̀ ti wá, àsíá ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé lọ sí ìdíje. Kò tíì sí ẹni tó gbé àsíá náà dé ọjọ́ kejì ìdíje àgbáyé nínú ijó yìí rí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, gbogbo wọn ló máa jó. Ogún péré, ìyẹn ogún ẹgbẹ́ oníjó méjì-méjì, ló máa padà wá jó ijó gígùn ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ṣe ipò kọkànlélógún, kó di ẹrù rẹ̀. Lúkà sì ti sọ pé ọdún tó kẹ́yìn òun nìyí, òun ń padà sí yunifásítì. Nítorí náà, ọjọ́ kejì yẹn nìkan ni wọ́n ń wá. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wá a.

Kí ìdíje ńlá náà tó dé, wọ́n lọ síbi ìdíje kékeré kan. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni lọ́dọ̀ wa. Mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn ará ìjọ mélòó kan sì tẹ̀lé mi wálé láti wá wò ó. Ládi, aládùúgbò mi tó jẹ́ Núpé, náà wọlé. Ó wò ó títí, ó ní, "Mama, dis pikin no dey catch cold?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ijó náà dára. Nígbà tí orin fẹ́ parí, Lúkà dúró gbọn-in, Ìyanu sì fi orúnkún kan kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè. Orin dákẹ́. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti yí àwòrán padà, wọ́n ń tún ibi tó dùn nínú ijó náà fi hàn. A kò rí i mọ́.

Díákónì wa, ará Ìjùmú kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba bíi tèmi, yíjú sí mi.

"Màmá Tíṣà, ṣé ìkíni nìyẹn? Orúnkún kan? Bí òyìnbó tó ń tọrọ aya nínú fíìmù!"

Pálọ̀ hó fún ẹ̀rín. Ó tún fi kún un: "Ẹ̀yin tí ẹ na àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ìkúnlẹ̀! Àṣé ilé yín lẹ gbàgbé."

Ó ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bí ẹ̀gún kékeré ṣe ń ṣe lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀? Ẹ̀yin tí mo kọ́, ẹ rántí mi lẹ́nu géètì láàárọ̀. Ọmọbìnrin tó bá rọra tẹ orúnkún bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, mo máa ń pè é padà. "Méjèèjì, jọ̀wọ́." Àbí irọ́ ni mo pa?

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo pe Ìyanu, a ń wo ojú ara wa lórí fóònù. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Orí tábìlì ni fóònù rẹ̀ máa ń wà, nítorí náà, tó bá ti kúnlẹ̀, irun orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, títí tó fi máa dìde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo yin ijó náà. Mo wá ní ohun kékeré kan ló kù tí a ó tún ṣe. Mo ní orúnkún kan kì í ṣe ìkúnlẹ̀, àbọ̀ ìkúnlẹ̀ ni. Mo ní tó bá di ìdíje ńlá, kó fi méjèèjì kanlẹ̀, kó sì ṣe é kí orin tó parí, nítorí bí orin bá ti dákẹ́, wọ́n á ti gbé kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀, àwa tí a wà nílé kò sì ní rí i.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mama, kóòṣì ló ṣètò bá a ṣe máa parí ẹ̀. Rúùlù kan wà nípa orúnkún, tí èèyàn bá..."

Mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀! Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo gbà pé mo mọ ohùn ọmọ tó fẹ́ ṣàwáwí. Mo ní irú òfin wo ló máa ní kí ọmọ má kúnlẹ̀ fún àgbà? Mo ní gbogbo ará ilé ló máa wò ó. Mo tún sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ pé bí ó bá ṣeé pa rẹ́ bí ọ̀rọ̀ ojú pátákó ni, ǹ bá ti pa á rẹ́: mo ní bí ó bá kúnlẹ̀, èmi ni ó kúnlẹ̀ fún, bí kò bá sì kúnlẹ̀, mo ti mọ ibi tí mo wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Yes, ma."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí "Yes, ma" ṣe máa ń dùn tó létí wa. N kò bèèrè ohun tí rúùlù náà wí.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ìdíje ńlá náà pé. Wọ́n ti mú iná lọ láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n Ládi gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá. Pálọ̀ mi kún dé ẹnu ọ̀nà. Díákónì jókòó síwájú pátápátá. Mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé ìparí ni kí wọ́n fojú sí.

Wọ́n jó! Irin ẹsẹ̀ wọn ń ha yìnyín bí ẹni ń ya aṣọ tuntun. Wọn kò ṣi ẹsẹ̀ kan gbé. Lúkà gbé Ìyanu sókè, ó yí i ká, ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wá wòran ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ìlù orin náà.

Ó wá ku díẹ̀. Ìyanu sọ̀kalẹ̀ lórí orúnkún ọ̀tún. Orin ṣì ń dún. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ni orúnkún òsì bá tẹ̀lé e. Méjèèjì! Ó sì tẹrí ba, kámẹ́rà wà lójú rẹ̀ gan-an.

"Ó kúnlẹ̀ o!" Díákónì fò dìde. "Ọmọ Okun! Ọmọ tó mọ ilé!"

Ariwo sọ. Èmi ń sunkún ayọ̀, mo ń fi etí gèlè nu ojú, mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́ pé, "Èmi ni mo sọ fún un. Èmi ni."

Èmi ni, lóòótọ́.

Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó wo Lúkà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí mo tún fídíò náà wò, ni mo rí ojú rẹ̀. Kò wo àwọn èrò, kò wo adájọ́. Orúnkún òsì yẹn ló ń wò.

Máàkì jáde. Ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀, pupa: àmì ìyọkúrò àti oókan. Ládi bèèrè pé kí lèyí tí wọ́n yọ. Díákónì dá a lóhùn kíá pé, "Ìkórìíra ni! Wọ́n rí ọmọ dúdú tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ara ta wọ́n." Mo sì gbè é lẹ́sẹ̀. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín: mo gbè é lẹ́sẹ̀, n kò mọ nǹkan kan.

Ipò kẹtàdínlógún ni wọ́n wà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ku àwọn mìíràn tí yóò jó. Bí ẹnì kan bá ti jó tán, orúkọ Ìyanu á rọra sún sísàlẹ̀. Ìkejìdínlógún. Ìkọkàndínlógún. Ogún. Ẹni tó jó kẹ́yìn ló tì í bọ́ sí ìkọkànlélógún. Ohun tó wà láàárín wọn àti àwọn tó ṣe ipò ogún kò tó ìdajì máàkì kan.

Mo mú ìwé ètò ìsìn, mo ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn rẹ̀. Mo dá oókan tí wọ́n yọ padà. Ìkọkàndínlógún ni. Mo tún un ṣe. Ìkọkàndínlógún náà ni. Àwọn èèyàn ti ń dìde lọ sílé, wọ́n ń ní Ọlọ́run á ṣe tọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ wo?

Fúnmi ló pè. Kò kí mi. Ó bèèrè ẹni tó ní kí Ìyanu fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Mo ní ṣé nítorí ìyẹn ni? Ó ní nítorí ìyẹn ni. Ó ní nínú ijó yẹn, bí orin bá ṣì ń dún, orúnkún kan kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi méjèèjì kanlẹ̀, wọ́n kà á sí pé ó ṣubú. Kódà bó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí orin bá ti dákẹ́, ó lè kúnlẹ̀ dalẹ́.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

"Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Ó fẹ́ sọ. Mo ní kí ó fún mi ní Ìyanu, kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, Lúkà sì jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Fúnmi wá rán mi létí ìgbà tó wà ní kíláàsì mi, tí mo pè é jáde níwájú gbogbo ilé ìwé, tí mo ní kó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí tó fi ṣe é dáadáa. Mo ti gbàgbé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún èmi ṣe, mo gbà. Ẹ ò bá fi ti ọmọ mi sílẹ̀." Ó pa fóònù.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Díákónì dìde nígbà ìfilọ̀. Ó ní kí ìjọ dúpẹ́ nítorí ọmọ wa kan tó yan ẹ̀kọ́ ilé ju ògo ayé lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́!

Mo dìde níbi tí mo wà. "Díákónì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ọmọ náà kò yan nǹkan kan. Èmi ni mo yàn án fún un."

Ó ní, "Ah, Màmá, ìrẹ̀lẹ̀ ni ẹ ń ṣe." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Títí di òní, tí mo bá ń lọ ra nǹkan, wọ́n á kí mi kú oríire, pé ọmọ mi gbé àṣà wa dé òkè òkun. Bí iyọ̀ lójú egbò ni.

Lúkà ti padà sí yunifásítì. Mo kọ lẹ́tà sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù lọ tí mo mọ̀. Kò fèsì. N kò bá a wí.

Ìyanu pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun kò bínú, òun fẹ́ kí n rí òun ni. Mo gbọ́, n kò sì gbà á gbọ́ tán. Ìpè ẹ̀ẹ̀kejì ló ti sọ ìyẹn; nínú ti àkọ́kọ́, nígbà tí àwòrán rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, mo rí i tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó dúró lágbedeméjì. Ó wo ojú mi, bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní tó ń wò bóyá òun gbà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n kò mọ èyí tí mo máa ní kó ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wo ara wa, òun kò dúró tán, kò sì kúnlẹ̀ tán, títí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀kọ́ ilé dára, n kò sọ pé kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń sọ fún yín pé, "Mama, níbi tí mo wà, rúùlù kan wà," ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Nítorí ojú ayé ni mo ṣe ti ọmọ náà ṣubú, mo sì pè é ní ìfẹ́.

Ṣé èmi nìkan ni? Ta ló tún wà níbí tó tún ohun tó dára ṣe títí tó fi bàjẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Ẹ kọ ọ́ bó bá ṣe wá sí yín lẹ́nu. Mo ti sọ bíírò pupa mi nù.