Bọ́ọ̀sì Tó Dúró De Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, abúlé kékeré kan ní Áyálándì ni mò ń gbé. Ìlú ńlá ni bàbá mi ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ilé ibẹ̀ wọ́n, la bá gba yàrá méjì ní ìgbèríko. Ṣọ́ọ̀bù kan ló wà níbẹ̀, inú rẹ̀ náà la ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé-ìwé oníyàrá méjì, màlúù rẹpẹtẹ. Bọ́ọ̀sì kan ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ ní aago méje àárọ̀, òun náà ló ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ó bá fi yín sílẹ̀, ẹ ó wà nílé di ọjọ́ kejì nìyẹn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Èmi ni mo máa ń sin bàbá mi dé ibùdókọ̀. Ìyá mi ti kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láìkí i, nítorí náà mò ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ẹrẹ̀, títí kan awakọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ṣe ni mò ń ṣubú, wọ́n á sáré gbé mi dìde. Ojú ń ti bàbá mi. Bàbá mi ní kí n máa juwọ́ bíi ti àwọn ọmọ ibẹ̀. Èmi kẹ̀? Kí n máa juwọ́ sí bàbá arúgbó bí ẹni ń lé ẹyẹ? Mo yarí.

Ó wá di àárọ̀ ìdánwò àṣekágbá bàbá mi. Bí wọn ò bá débẹ̀, ọdún kan gbáko la ó tún lò ká tó padà sí Ìbàdàn. Aago wa kò dún. A sáré, okùn bàtà bàbá mi ń wọ́ nílẹ̀, aago méje ti kọjá dáadáa, mo sì ń sunkún. Bí a ṣe yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀, gbogbo èrò ti jókòó sínú rẹ̀.

Awakọ̀ ní, "Ọmọ yẹn ò tíì kí wa lónìí. Báwo la ṣe fẹ́ lọ?"

Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bá bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n yege nínú ìdánwò náà, inú wa sì dùn kọjá sísọ.

Níbí ní Mitchellville tí à ń gbé báyìí, kò sí ohun tí a fẹ́ tí a ò ní rí rà, mọ́tò méjì mẹ́ta ló wà nílé kọ̀ọ̀kan. Gàréèjì á ṣí, mọ́tò á jáde, ó parí. Orókún mi ò gbà mọ́, nítorí náà èmi tí mo yarí fún bàbá mi ni mo wá ń juwọ́ sí àwọn aládùúgbò láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá yín ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Mummy, ẹ ò kúkú mọ àwọn neighbor yìí o."

Mo ní òótọ́ ni. Àwọn ará abúlé yẹn náà ò mọ̀ mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀.