Ohùn Àbúrò Mi Lẹ́yìn Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú mi délé lọ́jọ́ náà, tó sì dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi ń kọ èyí. Mo fi ọpẹ́ ṣáájú, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú mi, ẹ ó pè mí ní aláìmoore.

Ẹ gbà mí gbọ́. Mi ò mutí, mi ò sì sùn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti Àgátà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ní Gbaffo níbi tí a ti ń dáko, kò sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan fádà.

Ní ọjọ́ kejì ìrìn àjò mímọ́ sí Arigbo, níbi tí àwa ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń lọ gbàdúrà, Àgátà ní kí a lọ wẹ̀ níbi omi tó ń já láti orí àpáta. Ibẹ̀ ò ṣòro dé rárá. Alùpùpù á gbé ọ dé ẹsẹ̀ òkè, wàá rìn díẹ̀ nínú igbó, o ti ń gbọ́ híhó omi. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ibi tó bá rọrùn láti dé, a kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ń tu koríko lórí ebè iṣu rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó nàró.

“Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá débi omi, ẹ má pe ara yín lórúkọ o. Àtẹ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi pera yín.”

Àgátà ní, “Ìyá, orúkọ ìrìbọmi ni tèmi. Omi ti gbọ́ ọ rí, kò sì gbé mi lọ.”

Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín. Lójú wa, orúkọ tí fádà bá fi omi sọni, èèwọ̀ omi kankan ò lè mú un.

Adágún tó wà nísàlẹ̀ àpáta náà ò jìn, kò ju àyà lọ. A wẹ̀, a ta omi síra wa lójú bí ọmọdé. Nígbà tó yá, mo jáde, mo jókòó sórí àpáta. Àgátà ní òun fẹ́ wo ihò tó wà lẹ́yìn ibi tí omi ti ń já. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe wọ inú omi funfun yẹn lọ.

Mo dúró. Mo dúró títí ara mi fi gbẹ. Kò jáde.

Mi ò rántí láti pàtẹ́wọ́. Mo kígbe: “Àgátà! Àgátà o!”

“Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀ ń ké bí ẹni tó ń lé ọ̀bọ lóko!”

Ohùn rẹ̀ ni, láti ẹ̀yìn omi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká.

Mo bojú wẹ̀yìn. Àgátà ni. Ó ti wọṣọ, ó ti wégèlè. Mi ò rí ìgbà tó jáde nínú omi, ẹ gbà mí gbọ́.

“Ta lẹ̀ ń pè?” Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí.

Mo nawọ́ sí omi.

“Ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Lẹ́yìn omi, ẹ̀rín ti kúrò nínú ohùn yẹn. “Ẹ̀gbọ́n? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín yẹn?”

Ọwọ́ kan yọ láàárín omi, ó ń wá ohun tí yóò dì mú. Àpá iná wà lọ́rùn ọwọ́ náà, níbi tí epo gbígbóná ti dà sí Àgátà lára ní kékeré.

“Ẹ fà mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ mi há.”

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísímù, mo sá. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, a jọ sá. Ìyá àgbà náà rí wa. Ó wò mí, ó wo ẹnì kejì mi, ó gbójú sílẹ̀, ó ń tu koríko rẹ̀ lọ.

Nílé, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀. Mo fún un ní rosárì, ó fi gbàdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣì í. Inú mi dùn. Ẹ wo òmùgọ̀! Àgátà tí mo mọ̀ ò gba àdúrà rosárì kan parí rí láìsùn.

Mo rán ọkùnrin mẹ́ta lọ wo ẹ̀yìn omi. Wọ́n ní kò sí ẹnì kankan, ihò náà ò tiẹ̀ gba ewúrẹ́.

Ẹni tó wà nílé ń jí kí àkùkọ tó kọ. Kì í fèsì padà fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá dé ọjà, wọ́n á máa bá mi yọ̀ pé Ọlọ́run ti tún àbúrò mi ṣe. Ìyá wa ní, “Ìwọ, kí ló ń bí ẹ nínú? Ṣé ọmọ rere lo ò fẹ́ ni?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní Arigbo, ní ọjọ́ kìíní ìrìn àjò náà, lórí eékún mi, mo fi omijé bẹ Ọlọ́run kó pa ẹnu Àgátà mọ́, kó sọ ọ́ di onírẹ̀lẹ̀, torí ó ti dójú tì mí níwájú ẹgbẹ́ akọrin. Mo rí ohun tí mo béèrè gbà. Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a kò fọ̀.

Mo sọ fún fádà. Ó ní, “Ọmọ mi, àbúrò rẹ wà láàyè. Máa dúpẹ́.”

Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí Ọlọ́run dá tọ̀hún padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ń wẹ ẹsẹ̀ ìyá wa, tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n? Bí mi ò bá sì béèrè, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣì há níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ìyá tó ń mú yín bínú, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má bẹ Ọlọ́run kó tún un dá fún yín.

Ìwọ tó ka èyí, kí Olúwa jẹ́ kí ẹni tó bá ọ jáde lówùúrọ̀ gan-an ló máa bá ọ wọlé. Kí àwọn ènìyàn rẹ máa bá ọ jà, kí wọ́n sì máa bá ọ rẹ́rìn-ín. Àmín.