Ọ̀fìnkìn Ọmọ-Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò gbàgbé.

Nínú ilé àwọn ará Ìlọrin tí mo fẹ́ ọkọ sí ní Dichemso, ní Kùmásí, nílẹ̀ Gánà, ìyàwó kì í gbé ọmọ lọ sí ọsibítù láìgbàṣẹ. Nínú ọyẹ́ ọdún kan, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, ọkọ mi wà nírìn-àjò ní Tamale, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń pàṣẹ. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣeré láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ara rẹ̀ ti gbóná, ó ní gbogbo ara ń dun òun, kò fẹnu kan kókó. Imú rẹ̀ gbẹ. Ọ̀fìnkìn kì í já wọlé bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dé, imú á máa ṣàn, ọmọ á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Mo ní fúlúù ni, èyí tó le ju ọ̀fìnkìn lọ.

“Gyae, dákẹ́, ariwo ẹ ti tó!” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ọmọ méje ni mo bí. Wàláhì, ọ̀fìnkìn ni. Fi òrí pa á láyà.”

Mo gbọ́ràn fún ọjọ́ méjì. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ò lè mí dáadáa mọ́, ìhà rẹ̀ ń wọnú. Mo pọ̀n ọ́n, mo wọ takisí lọ sí ọsibítù ní Bantama láìbi ẹnikẹ́ni. Dókítà ní fúlúù náà ti wọ àyà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yá. Nígbà tí a délé, àwọn àgbà ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n nítorí àfojúdi. Mo kúnlẹ̀. Ẹnu mi bẹ̀ ẹ́, inú mi ò bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún kejì, ẹ̀gbọ́n náà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sáré wọ yàrá mi. Imú ọmọ ń ṣàn, ó ń sín, ó sì ń fa yẹtí mi ṣeré. Ara rẹ̀ ò gbóná.

“Ìyàwó, jọ̀ọ́, ṣé irú ti ọmọ ẹ ni?”

Mo mirí. “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ ṣáà máa wo ìhà rẹ̀, ẹ má gbójú kúrò.”

Ó wò ó látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò jẹ, kò mu. Mo ń gbọ́ ẹkún ẹ̀gbọ́n níbi tí mo ti ń ro túwó, ó sì ń dùn mọ́ mi. Wọ́n ní ìkà ò dáa, mo gbà. Ẹ̀gbọ́n ti kú báyìí, mi ò sì sọ fún un rí pé láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀fìnkìn lásán ni.