Oògùn Funfun Tí Mo Rà ní Tudu

Ọmọ kéú mẹ́tàlélógún ni mo ń kọ́ ní Ashaiman, lẹ́bàá Accra ní Ghana, nígbà tí àìsàn náà mú mi. Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ikọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù, títí jalàbíà tí mo máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀ fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo mu àgbo, mo sinmi, àwọn òbí ọmọ kéú ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìyàwó mi kò gbà. Accra níbí ni wọ́n bí i sí, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Tema, kò sì gbà gbọ́ nínú àìsàn tí a kò yẹ̀ wò. Òun ló lé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn tó jìnnà ni mo yàn, lápá Kaneshie, kí ẹni tó mọ̀ mí má baà rí mi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó. Twi tó lú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá mi sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi.

Orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè é ló sọ sí mi lọ́kàn: àrùn kògbóògùn. Mo bi í pé bí kò bá gbóògùn, kí ni mo wá ń ṣe níwájú rẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni pé oògùn kò tíì lè lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn lè dè é mọ́lẹ̀, kí ó má lè ṣe mí ní nǹkan, bí mo bá ń lo hóró kan lójoojúmọ́ tí n kò sì dá a dúró. Ó bi mí àsìkò tí n kì í gbàgbé nǹkan láàárín ọjọ́. Mo ní àsùbáà. Ó ní ó dára, kí n máa lò ó bí mo bá ti kírun àsùbáà tán.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí n tó lè sọ ọ́ nílé. Mo ti fẹ́ ìyàwó kan rí ní Nàìjíríà kí n tó sọdá síbí, èmi náà kò sì mọ ibi tí mo ti kó o gan-an. Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán. Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọ̀sẹ̀ kan ló lò níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, wọn kò sì rí nǹkan kan. Bó ṣe padà dé, ẹnu ọ̀nà ló ti sọ̀rọ̀.

“N kò tíì dárí jì yín,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ lo oògùn yín.”

Mo ń lò ó. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ìró rẹ̀. Hóró oògùn a máa ró nínú ìgò bí èèyàn bá gbé e, ilé kéú sì kún fún ọmọdé tí etí wọn mú. Mo fi òwú dí ẹnu ìgò náà kó má baà dún, mo sì gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé, mo bi nọ́ọ̀sì bóyá kí n dá a dúró. Ó ní rárá, kí n kàn mú un wá sí àsìkò sààrì, kí n fi omi gbé e mì kí ojúmọ́ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ara mi padà bọ̀ sípò. Kí ọdún tó yípo, nọ́ọ̀sì fi èsì hàn mí, ó ní kòkòrò náà ti dín débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́. Ó ní bó bá ti wà bẹ́ẹ̀ tí mo sì ń lo oògùn mi, kò lè ti ara mi bọ́ sára ìyàwó mi bí a bá jọ sùn. Ìgbà tí mo sọ èyí nílé, ìyàwó mi lọ sí ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n nígbà tó jáde.

Ọdún kejì ni àyà títa bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn kẹ́nkẹ́, ẹ̀kọ líle àwọn ará Ghana, pẹ̀lú ata ṣitọ́ọ̀ jù, mo sì mọ̀ pé ata yẹn ni. Bí mo bá dìde fún àsùbáà, ńṣe ni iná máa ń jó láti inú ikùn wá sí ọ̀fun mi. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra Kùránì kéékèèké fún àwọn ọmọ ní Tudu, láàárín ìgboro Accra, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ṣàlàyé ara mi. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé ìgò oògùn olómi kan fún mi. Ó funfun, ó ki bí ẹ̀kọ, ó sì tutù lọ́fun bíi tọ́fì. Ó ní kò léwu, ti inú nìkan ni. N kò sọ oògùn mìíràn tí mo ń lò fún un. Ojú ló ń tì mí.

Oògùn funfun yẹn tù mí. Ó di àṣà mi láràárọ̀: bí mo bá kírun tán, màá gbé hóró mi mì, màá sì mu ṣíbí méjì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Oṣù mélòó kan kọjá báyìí.

Ìgbà tí mo padà lọ ṣe àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì wo bébà tó wà níwájú rẹ̀, ó tún un wò. Ó ní iye kòkòrò náà ti gòkè. Ó bi mí bóyá mo máa ń gbàgbé oògùn. Mo ní n kò gbàgbé rí. Ó tún bi mí, lọ́nà mìíràn: bóyá mo rin ìrìn àjò, bóyá mo fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Mo fi Ọlọ́hun búra fún un. Ó ní òun kò sọ pé mo purọ́, pé ohun tó wà nínú bébà lòun ń kà. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èébú. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ kò dára. Nínú ọkọ̀ èrò tròtrò lọ́nà ilé, mo pinnu pé n kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí oògùn náà kò bá ṣiṣẹ́, kí ni mo ń gbé e mì fún?

Ìyàwó mi rí ojú mi, ó sì fà á jáde lẹ́nu mi. Mo mọ ohun tó ń rò, mo sì rí i pé òun náà ń fojú ìfura wò mí. Ó dìde, ó gbé ìgò oògùn mi wá, ó yọ òwú ẹnu rẹ̀, ó da gbogbo hóró náà sínú abọ́, ó ń fi ìka kà wọ́n. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò. Ó tún wọn kà. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tó ń retí kí olùkọ́ yẹ wàláà òun wò.

“Iye rẹ̀ pé,” ló wí. “Ẹ ò purọ́. Nǹkan mìíràn ló wà ńbẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ló dá mi dúró. Bí kì í bá ṣe òun ni, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà lónìí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba àyè níbi iṣẹ́. Ó ní gbogbo ohun tí mo bá ń gbé mì ni kí a kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kó wọn sínú ọ̀rá dúdú kan: àgbo tí mo tọ́jú sí abẹ́ ibùsùn, oògùn orí fífọ́, fítámì, àti ìgò funfun yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa tẹ̀ lé mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kí i, ó fa àga fún un, ó sì tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì. Nígbà tó kan ìgò funfun, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

“Mallam, ìgbà wo lẹ máa ń mu èyí?”

Mo sọ fún un. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun tó wà nínú oògùn ikùn yẹn máa ń rọ̀ mọ́ hóró tí mo ń lò, wọn á jọ dì mọ́ra nínú ikùn, hóró náà kò sì ní ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mo ń gbé e mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ó ní bí mo bá kọ́kọ́ lo hóró mi, kí n dúró fún wákàtí méjì kí n tó mu irú oògùn funfun bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé òun ni mo kọ́kọ́ mu, wákàtí mẹ́fà ni kí n fi sáàárín. Ní ti àgbo, ó ní òun kò mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, kí n pa á tì. Ó ní kí n má ṣe ra ohunkóhun, bó ti wù kó kéré tó, láìjẹ́ pé mo bi wọ́n léèrè, kí n sì sọ fún ẹni tó ń ta oògùn pé mo ní èyí tí mo ń lò lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò retí.

“Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀,” ló wí. “Ó yẹ kí n ti bi yín nípa oògùn mìíràn tí ẹ ń lò kí n tó máa bi yín bóyá ẹ gbàgbé.”

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn pé kò sí wàhálà. Dókítà yẹ inú mi wò, ó fún mi ní oògùn mìíràn fún àyà títa, èyí tí kò bá hóró mi jà, ó sì ní kí n dín ṣitọ́ọ̀ kù. Ó ní a óò tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá kòkòrò náà ti borí oògùn. Oṣù mẹ́ta tí a fi dúró yẹn gùn. Mo ń kọ́ ọmọ ní súrà, ọkàn mi kì í sí níbẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, ẹ̀rọ kò tún rí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bá a lọ.

Mo ti dìde kó tó bi mí bóyá mo lè ṣe ògbifọ̀. Obìnrin Ànàgó kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, wà ní yàrá kejì, kò gbọ́ Twi, díẹ̀ ló sì gbọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti gbà pé kí ẹni tó gbọ́ èdè òun wọlé. Nọ́ọ̀sì ní kò di dandan kí n sọ nǹkan kan nípa ara mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sá fún ojú àwọn èèyàn mi. Mo wọlé.

Obìnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún. Kò tíì pẹ́ tó dé láti apá Ògbómọ̀ṣọ́. Bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ńṣe ló fi ìborùn bojú. Mo túmọ̀ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, títí dé orí hóró kan lójoojúmọ́.

“Àfáà,” ló wí, “ṣé ẹ̀yin gba ohun tí obìnrin yìí ń sọ gbọ́? Ẹni tó kó kògbóògùn, kò ti kú tán?”

Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ohun tó sọ. Ǹ bá kàn dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

“Arábìnrin mi, èmi náà ń lò ó,” ni mo wí. “Ó ti di ọdún mẹ́ta.”

Ó ṣí ìborùn kúrò lójú. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wò mí dé ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyàwó mi mọ̀. Mo ní ó mọ̀, àti pé kòkòrò náà kò sí lára tirẹ̀. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó sì yíjú sí nọ́ọ̀sì.

“Ẹ bá mi sọ fún un kó tún un sọ,” ló wí fún mi. “Láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì fa àga jókòó.