Ẹ Gbọ́wọ́ Kúrò Lẹ́rán

Mo ti bá ọwọ́ ọ̀tún màmá mi jà rí. Ọwọ́ náà kò ṣẹ̀ mí o. Bí wọ́n bá ti jókòó síwájú ilé wa ní Ayétòrò, òun ni wọ́n fi ń gbé àgbọ̀n wọn dúró. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà náà.

Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń fọwọ́ lẹ́rán? Màmá fúnra wọn ló kọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń gbá ọwọ́ mi dànù, wọ́n á ní, “Ṣé o fẹ́ pe ibi wálé ni?” Nítorí náà, èmi náà máa ń jágbe mọ́ wọn pé, “Màmá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lẹ́rán!” Wọ́n á gbé e kúrò, orí wọn á sì tẹ̀ wálẹ̀ títí àgbọ̀n á fi kan àyà. Mo rò pé wọ́n ń bínú ni.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna wa wá láti Ìjọun láti tọrọ ọmọ mi obìnrin, Màmá ló jókòó níwájú. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ọlọ́gbọ́n orí kò rí ẹ̀rín; ọwọ́ nìkan ni mo rí. Ọwọ́ ọ̀fọ̀ lọ́jọ́ ayọ̀! Mo já a kúrò lẹ́rán wọn níṣojú gbogbo ènìyàn.

Orí Màmá já wálẹ̀. Gèlè wọn bọ́, ó balẹ̀ sórí ẹ̀yìn ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Màmá sọ̀rọ̀ láti ibi tí ojú wọn wà, nínú àyà ara wọn: “Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna mi. Ọrùn mi ni kò gbé orí mọ́. Mo fẹ́ rí ojú yín ni.”

Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ìlaròó ní iṣan ẹ̀yìn ọrùn wọn ló ti rọ, pé ó yẹ ká ti tètè wá. Ó fún wọn ní kọ́là tí wọ́n ń wọ̀ sọ́rùn kó lè máa gbé orí wọn dúró. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé àwọn náà kúkú ló kọ́ mi.

Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, wọ́n máa ń bọ́ kọ́là, wọ́n á fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n á yára sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wò.