Ọwọ́ Òsì Mi àti Ewúrẹ́ Ìkórè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Óde-Ayé!

Ọkọ mi, Bàbá Akin, ló fa ewúrẹ́ mi tó lóyún lé ìjọ lọ́wọ́ láì bi mí. Ewúrẹ́ tí mo fi èrè epo pupa rà! Mo fẹ́ pariwo, wọ́n ní ohun tí a bá ti fún Ọlọ́run, a kì í gbà á padà. Ṣé Ọlọ́run ló ń jẹ ewúrẹ́ ni?

Ìgbìmọ̀ ìkórè wá to agolo mílíìkì sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ ìṣeré jáde, ọta rẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹni tó bá fi ọta mẹ́ta lu agolo mẹ́ta ṣubú, òun ló ni ewúrẹ́.

Mo ní kí Bàbá Akin lọ gbà á padà fún mi. Ẹ wá wo ọkùnrin! Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò, ó na ìkejì síwájú, ó dẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gá adigunjalè inú fíìmù. Ó yìn ín! Ọta àkọ́kọ́ ba páànù òrùlé. Ìkejì ba fìlà alága ìkórè. Ẹ̀kẹta? Títí dòní, a ò mọ ibi tó gbà.

Èmi náà bọ́ síwájú. Tí mo bá ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, ṣé ọwọ́ kan ni mo fi ń dà á? Mo fi ọ̀tún di ìbọn mú, mo fi òsì gbá a mọ́ra, mo ya ẹsẹ̀, mo di ojú kan.

Ni Bàbá Ìjọ bá figbe ta: "Ìyá Akin! Ọwọ́ òsì níwájú àgbà?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ọ̀tún nìkan lẹ fi ń pàtẹ́wọ́ fún Olúwa ni?"

Káà! Káà! Káà! Agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú lulẹ̀!

Ẹ rò pé ó tán? Bàbá Ìjọ ní ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni òun kà, nítorí náà ìlàjì ewúrẹ́ ni mo jẹ. Ìlàjì! Ìgbìmọ̀ sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni! Wọ́n ní ìjọ ló ni iwájú, kí n mú ẹ̀yìn.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ní kò burú, iwájú ni ẹnu wà, kí ìjọ máa gbé èèpo ẹ̀gẹ́ wá sílé mi láràárọ̀ fún un. Ẹ̀yìn lọmọ ń gbà jáde, tèmi ni gbogbo wọn.

Bàbá Ìjọ ní, "Ìyá Akin, fa ewúrẹ́ rẹ máa lọ, jọ̀ọ́, kí n ráyè gbàdúrà."

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ gba nǹkan rẹ̀ padà kò gbọdọ̀ máa ṣe fáàrí. Kó fi gbogbo ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un ṣe é!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ọkọ yín ti fi tọrẹ rí láì bi yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má bò ó!